Orin Tí Ó Rìn Jìnnà, Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Rẹ̀ Bá A Rìn

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí orí ọmọ ènìyàn nìkan. Ó kan orin pẹ̀lú. Orin a máa ní ilé, a máa ní òbí, a sì máa ní ìlú tí a ti bí i. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí orin bá ti ti inú ẹ̀rọ jáde tí ó sì dùn létí, ìjó ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ń jó. A kì í béèrè ilé rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbọ́ ọ, kíákíá ni a ó gbà pé àwọn ni wọ́n bí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá àti ẹ̀yin tí ẹ ti Benin, Tógò, Gánà àti Sàró wá, mo fẹ́ fi orin kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ìwà yìí ń gbà lọ́wọ́ wa, kí n sì sọ èrò mi nípa ohun tí ó tọ́ kí olùkọ́ ṣe sí i.

Orin náà ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí “Jingo”. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì pé ta ni ó ni ín, yóò dá yín lóhùn pé Carlos Santana ni. Ẹ má bá a wí púpọ̀, nítorí pé ohun tí ó gbọ́ ni ó sọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969, Santana, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 1947 tí ó sì tẹ̀dó sí ìlú San Francisco, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àjọ̀dún orin tí a ń pè ní Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti péjọ sí inú oko kan. “Jingo” wà lára àwọn orin tí wọ́n kọ ní ọjọ́ náà. Ní oṣù kan náà ni àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yìí jáde, orin náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a gbé e jáde lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwo kékeré, ó dé ipò 56 nínú àtẹ ọgọ́rùn-ún orin tí ìwé ìròyìn Billboard máa ń tò. Àwo ńlá náà fúnra rẹ̀ sì gòkè dé ipò 4. Láti ọjọ́ náà ni “Jingo” ti di ọ̀kan nínú àwọn orin rọ́ọ̀kì tí kò gbó.

Ṣùgbọ́n orin náà ti wà lórí àwo láti ọdún 1960. Ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ ni Michael Babátúndé Ọlátúnjí. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1927 ni a bí i ní Ajido, ìlú apẹja kan lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní ilẹ̀ àwọn Ègùn, àwọn tí ẹbí wọn tàn kọjá ẹnu ibodè dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 1950 ni ó gba ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní ìlú Atlanta, lẹ́yìn náà ni ó sì lọ sí Yunifásítì New York láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe torí ìlù ni ó ṣe wọ ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín ni. Àìmọ̀ tí ó bá lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ni ó mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi orin àti ìlù là wọ́n lójú, títí iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ń ṣe láìgba owó yìí fi di iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Columbia ni ó gbé àwo rẹ̀ jáde, Drums of Passion ni wọ́n sì sọ ọ́. Orin mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, lára wọn ni “Akiwowo”, “Oya”, “Odun De! Odun De!”, “Shango”, àti èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ń jẹ́ “Jin-go-lo-ba”. Ìlù, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. A kò gbọ́ jìtá, a kò gbọ́ dùùrù. Bí a ti ń ṣe nílé ni ó ṣe é: Ọlátúnjí lé, ègbè gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá a lùlù, tí wọ́n sì bá a gbè é, kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà rárá; adúláwọ̀ tí a bí ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù ni wọ́n, òun ni ó sì fi èdè Yorùbá sí wọn lẹ́nu. Ní ọdún 2004, Ilé Ìkàwé Àgbà ti ìjọba Amẹ́ríkà fi àwo yìí sínú àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà yóò máa pa mọ́ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn olórin ńlá ti mọ iyì rẹ̀. John Coltrane, afọnfèrè jáàsì tí kò ní ẹlẹgbẹ́, pe orin kan ní “Tunji” ní ọdún 1962. Ibi tí a sì ti gba ohùn fèrè rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn níbi eré, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, ni ilé àṣà Áfíríkà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bá orin náà rìn. Ìrìn rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gba àfiyèsí kì í ṣe sí ọ̀dọ̀ Santana bí kò ṣe sí ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, akọrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Páríìsì, gbé àwo kan jáde tí ó pè ní Gainsbourg Percussions. Mẹ́ta nínú àwọn orin inú àwo náà ni ó ti inú àwo Ọlátúnjí wá: “Akiwowo” di “New York U.S.A.”, “Kiyakiya” di “Joanna”, “Jin-go-lo-ba” sì di “Marabout”. Ẹ̀yin tí ẹ ti àwọn ilẹ̀ tí ń sọ èdè Faransé wá mọ ẹni tí à ń pè ní marabout dáadáa, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ó pa àwọn àlùfáà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ orin Ajido. Ìlù náà wà níbẹ̀, ohùn orin náà wà níbẹ̀, ègbè náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Gainsbourg ni a kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá orin náà, a kò sì rí orúkọ Ọlátúnjí.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni Santana tó mú un. Ẹgbẹ́ Santana fi ìlù kóńgà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Michael Carabello àti José Areas tí ó ti ilẹ̀ Nicaragua wá ni wọ́n ń lù ú. Gregg Rolie fi dùùrù gbè é, jìtá Santana sì gba ibi tí ohùn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá sọ pé iṣẹ́ náà kò dára, irọ́ ni mo pa. Ó dára, ó lágbára, orúkọ Ọlátúnjí ni a sì ń rí lónìí níbi tí a ti kọ orúkọ ẹni tí ó dá orin náà. Lẹ́yìn Santana, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Candido Camero, onílù ọmọ Kúbà, sọ ọ́ di orin dísíkò ní ọdún 1979. Jellybean kọ ọ́ ní ọdún 1987. Fatboy Slim, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un gbé jáde ní ọdún 2004, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Ọlátúnjí kú ní California. Láti etí ọ̀sà Àgbádárìgì, ó kan New York, ó kan Páríìsì, ó kan San Francisco, ó bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Kúbà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ ti ń lu bàtá títí di òní.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ẹ̀sùn tí mo ní. Ṣé mo fẹ́ kí orin máa jókòó sí ilé baba rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín ni? Rárá o. Orin tí a kò bá tún kọ, kíkú ni yóò kú. Bí Santana kò bá kọ “Jingo”, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò bá tí gbọ́ nípa Ọlátúnjí láé. Ọlátúnjí pàápàá kò kórìíra àwọn olórin rọ́ọ̀kì. Ó bá Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, ṣe àwo Planet Drum ní ọdún 1991, àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó burú nínú kí àlejò kọ orin wa, kódà bí ó bá yí ìlù rẹ̀ padà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a kó ọmọ lọ, kí a sì fi orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Orúkọ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Oúnjẹ ni nígbà mìíràn. Ẹ wo Solomon Linda ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1939, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Evening Birds, kọ orin kan sí inú àwo ní Johannesburg, “Mbube” ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe kìnnìún ní èdè Zulu. Ṣílè mẹ́wàá ni a mọ̀ pé ó gbà lórí ẹ̀tọ́ orin náà. Orin yìí kan náà ni ó di “Wimoweh” lẹ́nu àwọn Weavers ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹni tí ó dà á kọ láti inú àwo kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Zulu tí ó wà níbẹ̀ yé. Ní ọdún 1961 ó di “The Lion Sleeps Tonight” lẹ́nu àwọn Tokens, ó sì dé ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Ọdún kejì rẹ̀ ni Linda kú, inú òṣì ni ó sì kú sí. Ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, nígbà tí a fi ohùn ṣọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa gba nǹkan lórí iṣẹ́ baba wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún mélòó ni ó wà láàárín 1939 sí 2006? Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, ohun tí ó sì fà á ni pé orúkọ àti orin ti pín yà ní oríta.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Bí “Mbube” ti bọ́ sí etí tí kò gbọ́ Zulu tí ó sì di “Wimoweh”, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “Jin-go-lo-ba” ṣe di “Jingo”. A gé ìdajì rẹ̀ sọnù. Ìyókù náà sì di ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní tẹ́lẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1878, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn sí kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ jagun. Àjèjì tí ó bá rí orúkọ náà lára àwo lè rò pé orin ogun ni. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtumọ̀ “Jin-go-lo-ba” ní èdè Yorùbá ni kí ènìyàn má ṣe ìyọnu. Mo bi ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá: bí ẹ bá fẹ́ fi ọkàn ọ̀rẹ́ yín balẹ̀, ṣé ohun tí ẹ ó wí fún un nìyẹn? Sí etí tèmi, ìró ìlù ni ọ̀rọ̀ náà jọ, irú èyí tí ẹnu máa ń gbà lọ́wọ́ ọ̀pá onílù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá nígbà tí a kọ orúkọ náà sára àwo láìsí àmì ohùn. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ síra mọ ohun tí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé àríyànjiyàn kan wà tí ẹ lè gbé dìde, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ lè wí pé Ọlátúnjí fúnra rẹ̀ kò dá gbogbo orin rẹ̀ láti inú òfìfo. Ta ni ó kọ́kọ́ ki Ṣàngó? Ta ni ó kọ́kọ́ fi orin kí Ọya? Àwọn tí ó dá ìlù wọ̀nyẹn sílẹ̀ ti di ará ọ̀run kí a tó bí baba Ọlátúnjí, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó san kọ́bọ̀ fún wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyí: nígbà tí Ọlátúnjí kó orin wọnnì lọ sí New York, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní èdè wọn, ó pe Ṣàngó ní Ṣàngó, ó pe Ọya ní Ọya, ó sì wí fún gbogbo ayé pé láti ilé baba òun ni wọ́n ti wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa wọn padà sílé lè ṣe é. Ẹni tí ó bá gbọ́ “Marabout” kò rí ipa ẹsẹ̀ kankan tí yóò tọ̀. Ẹni tí ó gba orin lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò jẹ olè, bí ó bá ti ń sọ ibi tí ó ti gbà á.

Wàyí o, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó rọrùn láti na ìka sí Páríìsì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí àwọn ìwé orin tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa gbogbo, kí ẹ sì wo ohun tí a kọ sí abẹ́ àwọn orin òṣùpá àti orin eré ọmọdé. Lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn, “orin ìbílẹ̀” nìkan ni ẹ ó rí. Ìbílẹ̀ ibo? Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni tàbí ti Kétu? Ti Ewe ni tàbí ti Fọ̀n? Ìyá àgbà wo ni ó kọ ọ́ fún ẹni tí ó dà á kọ, ní ìlú wo, ní ọdún wo? Kò sí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n orúkọ olùkọ́ tí ó ṣe àkójọ rẹ̀ wà ní èèpo ẹ̀yìn ìwé, ó tóbi, ó sì hàn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti ohun tí Gainsbourg ṣe ní ọdún 1964? Ìyàtọ̀ kan tí mo rí ni pé Ọlátúnjí gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ìyá àgbà tí orin rẹ̀ wà nínú ìwé wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé wà.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọwọ́ wa ni àtúnṣe wà, àwa tí a ó jáde láti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí lọ dúró níwájú àwọn ọmọdé. Àwọn adájọ́ yóò bójú tó ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ti olùkọ́. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní orin kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ, ìlú rẹ̀ àti èdè rẹ̀. Bí a bá gba orin lẹ́nu àgbàlagbà kan ní abúlé, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbà á, kí a sì bi òun fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀ kí a tó máa méfò. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni a fi kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi àmì ohùn sí i, kí ọmọ Gánà tàbí ọmọ Tógò tí yóò kà á lẹ́yìn wa má baà ṣìnà. Bí a kò bá sì rí orúkọ ẹni tí ó dá a, kí a kọ orúkọ ìlú. Bí a kò bá mọ ìlú, kí a kọ orúkọ ẹ̀yà. Ẹni tí ó fi ìdajì ọ̀nà hàn sàn ju ẹni tí ó ba ojú ọ̀nà jẹ́ lọ.

Mo sì dábàá ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ orin lè ṣe ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó fi “Jin-go-lo-ba” ti ọdún 1960 sí etí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí ó tó fi “Jingo” ti ọdún 1969 tẹ̀ lé e. Kí ó bi wọ́n léèrè ohun tí Santana fi kún un àti ohun tí ó yọ kúrò. Wọn yóò gbọ́ ibi tí jìtá ti gba ipò ohùn, wọn yóò gbọ́ ibi tí lílé àti gbígbè ṣì dúró bí ó ti wà. Wọn yóò fẹ́ràn méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí ó ya àwòrán ayé sára pátákó, kí ó fa ìlà láti Ajido lọ sí New York, sí Páríìsì, sí San Francisco, kí ó sì kọ orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan sí ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ orin mọ́ láìbéèrè ilé rẹ̀.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Orin “Jingo” kò tíì gbẹ, ó sì dá mi lójú pé yóò tún rìn dé ibi tí a kò rò. Iṣẹ́ wa ni láti rí i pé níbikíbi tí ó bá dé, bí a bá bi í pé ọmọ ta ni ọ́, ẹnìkan yóò wà nítòsí tí yóò lè dáhùn. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ̀yin ni mo ń wò fún ìdáhùn náà.